Ìyá mi ń ṣépè fún mi, èmi náà ń ṣe àmín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Púpọ̀ nínú yín ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Kétu, tàbí Ìkòsí, tàbí tẹ́ ẹ bá ń ná ọjà Mile 12, ẹ ti wo fídíò mi rí. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò wò ó rí, á jẹ́ pé fóònù yín ti kú nìyẹn. Kì í ṣe fáàrí. Bó ṣe rí ni.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì wá máa ṣojú fún mi bí ẹni mímọ́, torí ọwọ́ ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀. Màá débẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Láràárọ̀, tí ìyá mi bá ti kírun Súbúhì tán, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á tọrọ àlàáfíà fún mi, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣépè fún èèyàn kan. Wọn ò mọ ẹni náà. "Ẹni tó wà nídìí irọ́ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ṣépè tán, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa dúró dè mí. Èmi á ní àmín.

Èmi ni mo wà nídìí irọ́ yẹn.

Mò ń sọ ọ́ báyìí torí òjò ti ń ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ilé gíga l'Ógùdù, òjò lásán ni lójú yín. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, tó wà létí odò lẹ́bàá Owódé Onírin, mọ nǹkan tí mò ń sọ. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀ kí omi tọdún yìí tó dé, ẹlòmíì máa jókòó sílé títí omi á fi bá a níbẹ̀, bó ṣe bá ìyá mi.

SS2 ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Iléèwé ti lọ́ra jù fún mi. Nǹkan tí tíṣà á fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ wa, mo lè rí i lórí fóònù kí n tó jẹ búrẹ́dì tán. Mo lọ ń lẹ gíláàsì fóònù lábẹ́ afárá Kétu. Lọ́jọ́ kan, tírélà tó kó tòmátì ṣubú ní Mile 12. Èmi ni mo kọ́kọ́ ya fídíò ẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, kí oníròyìn kankan tó wọ bàtà, gbogbo Èkó ti rí i. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Média. Mo ṣí péèjì tèmi. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ń bá mi ya fọ́tò.

Oníròyìn kan wà tó máa ń wá sádùúgbò wa nígbà yẹn. Màá pè é ní Dépò. Ẹ̀gbọ́n ni, àwa ọ̀dọ́ ń pè é ní Uncle, àmọ́ mi ò tíì lè pè é ní "wọ́n" níbí yìí. Inú ṣì ń bí mi sí i. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

Rédíò ni Dépò ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní ètò kan láàárọ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ nípa odò, nípa ọjà, nípa gọ́tà. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ gbà á gbọ́ ju ìjọba lọ. Tí òjò bá ti pọ̀, tí wọ́n bá ń sọ pé wọ́n fẹ́ ṣí dáàmù lókè, àwọn ará ibẹ̀ kì í gbé ẹrù títí ohùn Dépò á fi sọ pé ó yá. Tí ohùn yẹn bá ti sọ ọ́ báyìí, kíá, fóòmù ti wà lórí, ewúrẹ́ ti wà lọ́wọ́, gbogbo ilé ti kọjú sí títì.

Ọkùnrin yẹn lọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bú u. Ó lọ́ra ni. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé iná ń jó, á kọ́kọ́ bi yín pé ta ló rí i. Á lọ síbẹ̀. Á bi ẹni tílé ẹ̀ ń jó. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, á lọ dúró létí odò, á bi àwọn tó ń wa yanrìn, á tún pe àwọn tó mọ̀ lókè odò. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, èmi ti gbé e síta, ẹ ti wò ó, ẹ ti bú ìyá ara yín tán lábẹ́ ẹ̀.

Nǹkan tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa kéré. Mo gbé e síta lọ́jọ́ kan pé afárá onípákó tó wọ Ajégúnlẹ̀ ti já. Ẹnìkan ló sọ fún mi. Mi ò rántí ẹni náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ṣèpàdé àdúgbò ní pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbé fóònù mi wọlé bí ọ̀gá. Dépò wá kọjú sí mi lójú gbogbo èèyàn.

"Média, afárá tó o ní ó já, orí ẹ̀ la gbà débí. Ta lo bi?"

"Mo gbọ́ ni."

"Lẹ́nu ta?"

Mò ń wo fóònù mi. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà wá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Afárá ló bi. Afárá ní òun ti já, òun kàn ń dúró kí ìpàdé parí ni."

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi jókòó síwájú, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Látọjọ́ náà ni orúkọ mi ti yí padà. Tí mo bá dé Mile 12, àwọn alábàárù á ní, "Ta-lo-bi ti dé o." Ọmọ kékeré á pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi. Èmi tí gbogbo Kétu ń wò.

Mo búra pé màá fi ohùn ẹ̀ yẹn kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ìbò àdúgbò ló gbà mí láàyè. Wọ́n fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ní Ajégúnlẹ̀. Èèyàn méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Alhaji Aláyanrìn, lándìlọ́ọ̀dù tó ń ta yanrìn. Òun ló da yanrìn sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà padà sódò, tó wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ẹ̀. Ìkejì ni Mummy Títí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní òun máa rí i pé wọ́n la ojú ọ̀nà omi yẹn padà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Mummy Títí ló máa wọlé. Ìyá mi ti rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ dìbò fún wọn.

Wọn kì í tẹ̀ka ńbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni téèyàn bá fẹ́ lèèyàn máa tò sí, ní pápá iléèwé yẹn. Ẹ̀yìn ẹni tó bá gùn jù, òun ló wọlé. Dépò ti sọ lórí rédíò pé òun máa wá, pé òun máa gbé ẹnu ẹ̀rọ sí Alhaji lẹ́nu, kó ṣàlàyé yanrìn yẹn fún aráyé.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ Alhaji. Kò rán mi níṣẹ́. Ó kàn pè mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé móòtì tútù fún mi, ó ń pè mí ní Chairman Média. Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ará ibí yìí, omi nìkan ló lè lé wọn kúrò ní pápá lọ́jọ́ yẹn." Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ bí àwàdà. Bóyá òun náà ò sọ ọ́ bí àwàdà. Mi ò mọ̀.

Mo ní ohùn Dépò lórí fóònù mi látọdún tó ṣáájú. Mo gbà á sílẹ̀ nígbà tí omi wá lóòótọ́. "Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin ará Owódé Onírin, ẹ gbé ẹrù yín o. Wọ́n ti ṣí dáàmù. Omi ń bọ̀ lónìí." Mo gé ibi tó ti dárúkọ ọjọ́ kúrò. Mo ní fídíò omi ọdún yẹn náà, níbi tó ti dé àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Mo lẹ ohùn mọ́ fídíò. Kò pẹ́ rárá. Ọwọ́ mi yá sí irú ẹ̀.

Òjò ti rọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ìbò náà, ilẹ̀ ṣì tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, tí àwọn èèyàn ti wà ní pápá, tí wọ́n ti ń tò, mo gbé e síta. Mi ò tiẹ̀ fi sórí péèjì mi. Mo fi nọ́ńbà kan tẹ́nìkan ò mọ̀ jù ú sínú gúrúùpù àwọn ayálégbé. Mo wá jókòó.

Ibi tó kan ẹ̀yin nìyí o.

Èmi, gúrúùpù kan ṣoṣo ni mo fi sí. Ẹ̀yin lẹ fọ́wáàdì ẹ̀ lọ sí ti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan nínú yín fi kún un pé omi ti dé ọrùn. Ẹlòmíì ní òun ti rí òkú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò fi òkú síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi òkú sí i. Ẹnìkan tó ń gbé Alápẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gbẹ furúfurú, ń sunkún nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ pé òun ń gbọ́ ariwo omi. Kò sí ọ̀kankan nínú yín tó bi ẹnikẹ́ni. Ká ní ẹ bi èèyàn kan péré, tó dúró létí odò, á sọ fún yín pé odò ń sùn.

Pápá tú ká. Ẹ ò rí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ti tò sẹ́yìn Mummy Títí sáré lọ sílé lọ gbé ẹrù. Mummy Títí ń pariwo pè wọ́n padà pé, "Ẹ jẹ́ ká bi Dépò ná, ó ń bọ̀ lọ́nà." Ta ló fẹ́ gbọ́? Ohùn Dépò ti wà lápò oníkálukú. Àwọn tó ń bá Alhaji ṣiṣẹ́, tí ilé wọn wà lórí òkè, ò mira. Wọ́n dúró gbọnin. Wọ́n ka ẹ̀yìn Alhaji, ó gùn. Wọ́n ka ẹ̀yìn Mummy Títí, àwọn arúgbó tí ò lè sáré nìkan ló kù. Wọ́n ní Alhaji ló wọlé.

Mo pàdé ìyá mi létí títì. Òógùn bò wọ́n. Orí maṣíìnì ìránṣọ wọn ni wọ́n gbé sórí. Irin lásán ni nǹkan yẹn, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ lọ́rùn obìnrin. Wọ́n ní, "Média, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn Uncle Dépò ni?"

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn. Mo wo ojú wọn sọ ọ́. Mo gba maṣíìnì lórí wọn, mo bá wọn gbé e, inú mi sì ń dùn. Mò ń sọ nínú mi pé, ẹ rẹ́rìn-ín báyìí kí n rí yín.

Títí ìrọ̀lẹ́, kò sí omi. Oòrùn ló mú. Àwọn èèyàn ń gbé ẹrù padà, wọ́n ń kanra bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Dépò dé. Wọ́n yí i ká. Ó ń ṣàlàyé pé ohùn ọdún tó kọjá ni. Ó ní, "Ẹ wo mọ́ṣáláṣí inú fídíò yìí. Sìmẹ́ńtì lásán ni. Ṣé kì í ṣe àwa la kun mọ́ṣáláṣí lọ́dà aláwọ̀ ewé kí ààwẹ̀ tó wọlé ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dà ewé ló wà lára mọ́ṣáláṣí, ó wà lẹ́yìn wọn níbẹ̀ gan-an, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó yí ọrùn wò ó. Ẹnìkan ju omi inú ọ̀rá lù ú lẹ́nu, ètè ẹ̀ bẹ́. Ẹlòmíì já ẹ̀rọ tó fi ń gbohùn sílẹ̀ gbà, ó jù ú sí gọ́tà.

Èmi ni mò ń ya fídíò.

Dépò rí mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Média, ṣé o bi mí?" Mo fi fóònù sún mọ́ ojú ẹ̀, kí ẹ lè rí ẹ̀jẹ̀ ètè ẹ̀ dáadáa. Mo gbé ìyẹn sórí péèjì mi lálẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Oníròyìn tó parọ́ fún ará Ajégúnlẹ̀." Ẹ wò ó ju ti tírélà tòmátì lọ. Ilé rédíò ní kí Dépò lọ rọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé lórí rédíò. Mélòó nínú yín ló gbọ́ àlàyé yẹn? Irọ́ gun ọ̀kadà, àtúnṣe ń fẹsẹ̀ rìn.

Èmi wá di ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ta-lo-bi mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òjò dé lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù Alhaji ṣì jókòó lórí ojú ọ̀nà omi, torí òun ni alága, ta ló fẹ́ wó o? Mo wà nídìí iṣẹ́ ní Kétu láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Dépò nínú rédíò ìsọ̀ kejì. "Ẹ gbé ẹrù yín o." Ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ni rédíò yí i sí ibi orin.

Ara mi ò balẹ̀. Mo lọ sétí odò fúnra mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láyé mi. Àwọn tó ń wa yanrìn ti fa ọkọ̀ wọn wá sórí ilẹ̀, wọ́n ń so ó mọ́ igi. Bàbá kan nínú wọn ní, "Ọmọ, tó o bá ní èèyàn nísàlẹ̀ yìí, lọ gbé e."

Mo pe ìyá mi.

"Màámi, ẹ dìde. Omi ń bọ̀."

"Ohùn ta lo gbọ́?"

"Uncle Dépò ló sọ ọ́, mo sì ti dé odò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dépò tó mú mi ru maṣíìnì lọ́sàn-án gangan? Kó tún wá tàn mí lẹ́ẹ̀kejì?"

"Màámi, tòótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gbé wọn dìde. Tí mo bá ní, "Màámi, èmi ni mo parọ́ ìṣáájú, Dépò ò parọ́ rí," wọ́n á bú mi, wọ́n á sunkún, àmọ́ wọ́n á gbéra. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Mo kàn mọ̀ ni."

Wọ́n ní, "O kàn mọ̀. Ta lo bi?" Wọ́n gé fóònù. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rán tán.

Mo lè sáré lọ fà wọ́n jáde. Ọ̀nà ò jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dúró níwájú wọn, màá sọ ọ́. Mo padà síbi iṣẹ́. Mò ń lẹ gíláàsì fóònù.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, omi ti dé ojú fèrèsé. Bàbá oníyanrìn yẹn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi wọlé. Ìyá mi dúró sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n kó yúnífọ́ọ̀mù sí àyà. Páànù tó ń léfòó ti ya wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo gbé wọn sẹ́yìn, mo gbé wọn dé inú ọkọ̀. Maṣíìnì wà nísàlẹ̀ omi. A ò rí i.

Mo ya fídíò ìyẹn náà. Mo gbé e síta. Ẹ ní "ọmọ rere." Ẹ ní Ọlọ́hun á fún mi ní irú ẹ̀. Mò ń ka gbogbo ẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi, ó tún ń bu mí jẹ.

Ẹsẹ̀ yẹn ò jiná dáadáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, òun ni wọ́n fi ń tẹ maṣíìnì. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà látìgbà tí wọ́n ti kó wá láti Ìsẹ́yìn. Ní báyìí, inú yàrá mi ní Ìkòsí ni wọ́n wà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lọ sẹ́yìnkùlé. Tí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní, "Ọmọ mi yìí ló sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹni tó parọ́ ìṣáájú ló di mí létí." Àwọn kan ní Dépò ni. Ìyá mi ní Dépò fi Kùránì búra, nítorí náà àwọn ò ní dárúkọ ẹ̀, kí èpè má lọ sílé ẹlòmíì. Ẹni tó ṣe é ni kó máa lọ bá.

Ẹ gbọ́ èpè náà. "Ẹni tó wà nídìí irọ́ yẹn, bó ṣe jẹ́ kí n gbọ́ òótọ́ kí n pè é nírọ́, lọ́jọ́ tí òun náà bá ń sọ òótọ́, Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́."

Àmín.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mi ò lè ṣe é mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe fídíò yẹn. Mo gé ohùn Uncle Dépò."

Wọ́n wá fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. "Àánú ọkùnrin yẹn ló ń ṣe ọ́. Wọ́n ti lọ bẹ̀ ọ́ kó o wá bá a gbé e. Ìwọ tó gbé mi sẹ́yìn nínú omi? Dìde jàre."

Mo ní kí n fi hàn wọ́n lórí fóònù. Kò sí níbẹ̀. Mo ti pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí Dépò má baà rí i.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí péèjì mi. Ẹ ẹ́ rántí, àwọn tó wà ńbẹ̀ nínú yín. Ẹ rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀. Ẹnìkan ní, "Média, o mọ ọ̀rọ̀ í hun, èyí tó kù dà?" Ẹlòmíì ní Dépò ti fún mi ní nǹkan. Ẹnìkan kàn kọ ọ́ pé, "Ta lo bi?"

Ẹ wá rí i pé èpè yẹn ti jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ìdí tí mo fi wá síbí nìyí, níbi tẹ́ ẹ ò ti mọ ojú mi. Inú mi ò dùn sí yín. Nígbà tí mo parọ́, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó gbà á. Nígbà tí mo ń sọ òótọ́, ẹ ń bi mí ní ẹ̀rí. Ó dáa. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. Èmi ti pa tèmi rẹ́, àmọ́ ẹ̀yin kì í pa nǹkan rẹ́. Ẹ wá fídíò yẹn lórí fóònù yín. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí inú ẹ̀, ẹ wo bí ara ẹ̀ ò ṣe ní ọ̀dà. Ẹ wá gbé e wá fún ìyá mi ní Ìkòsí, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Tí wọ́n bá rí i pé ohùn àtijọ́ ni ẹnìkan gé, bóyá wọ́n á gbà pé èmi ni, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ á sì gbà, torí wọ́n mọ ìyá mi. Wọ́n á mọ̀ pé ohùn Dépò ò purọ́ rí. Tó bá tún sọ pé kí wọ́n gbé ẹrù, wọ́n á gbé e.

Uncle Dépò, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ bá mi bi ara yín bóyá ẹ lè foríjì mí. Tẹ́ ẹ ò bá lè foríjì mí, ẹ má dákẹ́ lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́.

Òjò ti ṣú láti ìhà Ìkòròdú lónìí. Lọ́la, tí ìyá mi bá kírun tán, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n á ṣépè yẹn. Wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á máa dúró dè mí.

Kí ni kí n wí?